Àwọn Ọkùnrin Mẹ́wàá Inú Ọkọ̀ “Memphis Belle”

Nígbà tí ogun bá tán, orúkọ àwọn tí ó jà á kì í dọ́gba lẹ́nu ènìyàn. A ó máa pe orúkọ ẹnì kan tìlù-tìfọn, a ó sì gbàgbé ẹgbẹ̀rún tí ó dúró tì í. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó rí nínú ogun ńlá tí Hitler dá sílẹ̀ ní 1939, tí ó sì parí ní 1945. Nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọkọ̀ òfurufú tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi ja ogun náà láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, orúkọ kan wà tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn rántí ju gbogbo ìyókù lọ títí di òní: “Memphis Belle”.

Ìtàn ọkọ̀ yìí, àti ti àwọn ọkùnrin mẹ́wàá tí ó gbé lọ sójú ogun tí ó sì gbé padà, ni a fẹ́ sọ. Ṣùgbọ́n a kò ní í sọ ọ́ bí àwọn onísinimá ti sọ ọ́. Àwa tí a fi ìwé ìṣirò jẹun láti ìgbà èwe wa mọ̀ pé ìwé tí a kọ èrè sí, tí a kò kọ gbèsè sí, ìwé èké ni, bí ó ti wù kí ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ dára tó. Apá méjèèjì ni a ó kọ, kí òǹkàwé fúnra rẹ̀ lè ṣe ìròpọ̀.

Ọkọ̀ náà jẹ́ ọ̀kan nínú irú èyí tí ilé iṣẹ́ Boeing ń ṣe ní ìlú Seattle, ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà. B-17 ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ìjọba. “Flying Fortress”, èyíinì ni Odi Tí Ń Fò, ni aráyé ń pè é. Orúkọ náà kò ṣàì bá a mu. Ẹ́ńjìnnì mẹ́rin ni ó ní, agbára ọ̀kọ̀ọ̀kan sì tó ti ẹṣin 1,200. Láti ṣóńṣó apá kan dé ṣóńṣó èkejì ju ẹsẹ̀ bàtà 100 lọ. Ìbọn ńlá tí ń da ọta bí òjò yọ síta lára rẹ̀ níwájú, lẹ́yìn, lókè, nísàlẹ̀, àti ní ìhà méjèèjì. Bí òòrẹ̀ ni ó rí: ibi yòówù tí ọ̀tá bá gbà fọwọ́ kàn án, ẹ̀gún ni yóò bá.

Ní oṣù keje 1942 ni ọkọ̀ náà bọ́ sọ́wọ́ àwọn ológun. Robert Morgan ni a fi í lé lọ́wọ́, ará Asheville ní ìpínlẹ̀ North Carolina, ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò tíì ju ọmọ ọdún 24 lọ. Morgan ní àfẹ́sọ́nà kan, Margaret Polk, ọmọ ìlú Memphis ní ìpínlẹ̀ Tennessee. Nítorí ọmọbìnrin yìí ni ó ṣe sọ ọkọ̀ náà ní “Memphis Belle”, ìtumọ̀ èyí tí í ṣe Arẹwà Memphis. Wọ́n ya àwòrán obìnrin sí ẹ̀gbẹ́ imú ọkọ̀, wọ́n sì kọ orúkọ náà sí i gàdàgbà. Nígbà tí ó di oṣù kẹwàá ọdún náà, ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfurufú tí ó ni ọkọ̀ yìí, tí à ń pè ní 91st Bombardment Group, ti tẹ̀dó sí Bassingbourn, abúlé kan ní agbègbè Cambridge ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Kí a tó máa bá ìtàn lọ, ó yẹ kí a mọ ìdí tí iṣẹ́ wọn fi le ju ti ẹlòmíràn lọ. Àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ti gbìyànjú láti fi ọ̀sán ju bọ́ǹbù sí ilẹ̀ Jámánì ní ìbẹ̀rẹ̀ ogun, ojú wọn sì rí màbo. Nítorí náà òru ni wọ́n fi ń lọ. Àwọn ará Amẹ́ríkà wí pé ọ̀sán ni àwọn yóò máa lọ ní tiwọn, nítorí pé ẹni tí ó ríran ni ó lè mọ ohun tí ó ń sọ òkò lù. Ọ̀pọ̀ àgbà ogun ń mi orí sí ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí àwọn aláṣẹ pàdé ní Casablanca ní oṣù kìn-ín-ní 1943, Churchill fúnra rẹ̀ fẹ́ kí àwọn Amẹ́ríkà fi ọ̀sán sílẹ̀. Ọ̀gágun Ira Eaker ni ó lọ bá a, tí ó là á yé e pé bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì bá ń ṣe ti òru, tí àwọn Amẹ́ríkà ń ṣe ti ọ̀sán, àwọn ará Jámánì kò ní í rí ojú oorun. Ọ̀rọ̀ náà wọ Churchill létí, ó sì gbà. Láti ìgbà náà ni ó ti di dandan fún Morgan àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ láti fi ẹ̀mí ara wọn ṣe ẹ̀rí pé ohun tí Eaker sọ lè ṣeé ṣe.

Ta ni àwọn ọkùnrin mẹ́wàá náà? Ẹ má ṣe rò pé ìdílé jagunjagun ni a ti bí wọn. Ẹni tí ó bá pàdé wọn ní ọdún díẹ̀ kí ogun tó dé ì bá bá wọn nídìí iṣẹ́ òòjọ́ wọn, bí a ti í bá gbogbo ènìyàn. James Verinis, igbákejì atukọ̀, ẹ̀kọ́ òwò ni ó ń kọ́. Charles Leighton, ẹni tí ń wo àwòrán ilẹ̀ tí ó sì ń júwe ọ̀nà, akẹ́kọ̀ọ́ kẹ́mísírì ni. Vincent Evans, ẹni tí ń ju bọ́ǹbù, àwọn lọ́rì akẹ́rù ni ó ń bójú tó ní Texas. Harold Loch, ẹ́ńjíníà ọkọ̀, ti ń gbẹ́rù ní èbúté. Robert Hanson, olùtọ́jú wáyálẹ́ẹ̀sì, ti bá wọn ṣiṣẹ́ ilé kíkọ́. Casimer Nastal a máa tún ẹ̀rọ tí a fi ń fọ aṣọ ṣe ní Detroit. Clarence Winchell wà nílé iṣẹ́ tí ń po ọ̀dà. Cecil Scott wà nílé iṣẹ́ rọ́bà. John Quinlan sì wà nílé iṣẹ́ tí ń ṣe kápẹ́ẹ̀tì. Àwọn mìíràn ti jókòó sí ààyè kan tàbí òmíràn nínú ọkọ̀ náà kí Loch tó dé, ṣùgbọ́n orúkọ mẹ́wàá yìí, Morgan ṣìkẹwàá wọn, ni ìwé ìròyìn gbé kiri ayé.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí ọjọ́ iṣẹ́ wọn ti í rí. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni a ó ti wá jí wọn lórí ibùsùn. Wọn yóò jẹun, wọn yóò sì wọ yàrá ńlá kan tí a fi aṣọ bo àwòrán ilẹ̀ lára ògiri rẹ̀. Bí a bá ká aṣọ náà kúrò, wọn yóò rí ìlà tí a fà láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dé ibi tí a ń rán wọn. Bí ìlà náà bá kúrú, ọkàn a balẹ̀ díẹ̀. Bí ó bá gùn wọ inú Jámánì, yàrá a pa rọ́rọ́.

Nígbà tí wọ́n bá gòkè tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 25,000, ọ̀tá àkọ́kọ́ tí wọn yóò bá pàdé kì í ṣe ará Jámánì. Òfurufú fúnra rẹ̀ ni. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kò tó ènìyàn mí. Olúkúlùkù wọn ní láti fi ohun ìbòjú bo imú àti ẹnu, kí ó máa fa afẹ́fẹ́ tí a rọ sínú àgbá irin; bí ìbòjú náà bá dí tàbí tí okùn rẹ̀ bá já, onítọ̀hún yóò dákú láìpẹ́, bí ẹnikẹ́ni kò bá sì tètè rí i, ó kú nìyẹn. Òtútù ibẹ̀ tún ju ti yìnyín lọ fíìfíì. Ojú fèrèsé tí Nastal àti Winchell ń yìnbọn gbà ṣí sílẹ̀ gbayawu, ẹ̀fúùfù sì ń ta wọlé bí ọ̀bẹ. Aṣọ tí a fi iná mànàmáná mú gbóná wà fún àwọn kan, ṣùgbọ́n iná a máa kú. Ẹni tí ó bá gbàgbé, tí ó bọ́ ìbọ̀wọ́, tí ó fi ọwọ́ lásán kan irin ìbọn, awọ ọwọ́ rẹ̀ yóò lẹ̀ mọ́ irin náà ni.

A kò lè ṣàì sọ ti Scott lọ́tọ̀. Ibùjókòó tirẹ̀ jẹ́ ohun róbótó bí ìkòkò, irin àti dígí ni a fi ṣe é, ó sì rọ̀ sábẹ́ ikùn ọkọ̀. Inú rẹ̀ ni Scott ń ká orúnkún mọ́ àyà sí bí ọmọ inú oyún, tí ó ń yí pẹ̀lú ìbọn rẹ̀, tí ilẹ̀ Yúróòpù sì ń kọjá lọ nísàlẹ̀ láàrin ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. Ibẹ̀ há tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ń bẹ níbẹ̀ a máa fi páráṣúùtì rẹ̀ sílẹ̀ sínú ọkọ̀ lókè. Bí ọkọ̀ bá gbiná, ó di ìgbà tí ó bá kọ́kọ́ gòkè wọlé kí ó tó rí ohun tí yóò fi bẹ́ sílẹ̀. Quinlan ní tirẹ̀ wà ní ìrù pátápátá, lórí orúnkún, ó kẹ̀yìn sí gbogbo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ibi tí a ti wá nìkan ni ó ń rí. Kò rí ibi tí à ń lọ.

Ààbò wọn ni pé kí wọ́n má ṣe tú ká. Bí lékeléke ti í fò ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí ń lọ, kí ìbọn ọ̀kan lè máa gbèjà èkejì. Ọkọ̀ tí ó bá farapa tí ó sì fà sẹ́yìn dàbí àgbò tí ó yà kúrò nínú agbo. Ibẹ̀ ni ìkookò ń dúró sí. Àwọn ọkọ̀ kéékèèké tí ń sìn wọ́n lọ kò lè gbé epo tí ó tó láti bá wọn wọ ilẹ̀ Jámánì ní àkókò náà. Wọn yóò sìn wọ́n dé ìwọ̀n ibi tí epo bá mọ, wọn yóò sì padà. Àwọn ará Jámánì pẹ̀lú kì í ṣe òmùgọ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n fi rí i pé iwájú gan-an ni ìbọn ọkọ̀ náà kò pọ̀ sí, láti oṣù kọkànlá 1942 ni wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọjú kò wọ́n ní tààrà, ojú ko ojú, ìbọn ko ìbọn.

Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú tí ó le jù lọ ni ti ìgbà tí wọ́n bá sún mọ́ ibi tí wọn ó ju bọ́ǹbù sí. Nígbà náà, Evans ni ó di ọ̀gá. Ó tẹjú mọ́ ẹ̀rọ ìwòran rẹ̀, ọkọ̀ sì gbọdọ̀ máa lọ gbọnrangandan láìyà sọ́tùn-ún tàbí sósì, kí bọ́ǹbù má bàa ṣáko. Àgbá àwọn ará Jámánì ń bú ramúramù láti ilẹ̀, èéfín dúdú ń là yí wọn ká, àfọ́kù irin ń ró lára ọkọ̀ bí òjò lórí páànù. Morgan tí ó lè yẹ̀ kò gbọdọ̀ yẹ̀. Ìgboyà ẹni tí ń jà rọrùn ju ìgboyà ẹni tí ó jókòó jẹ́ẹ́ nígbà tí a ń sọ òkò sí i. Irú èyí kejì ni a bèèrè lọ́wọ́ wọn.

Ọjọ́ 7 oṣù kọkànlá 1942 ni Memphis Belle kọ́kọ́ jáde sójú ogun, sí Brest ní ilẹ̀ Faransé. Brest, Lorient àti St. Nazaire, èbúté mẹ́ta yìí ni a rán wọn sí lemọ́lemọ́, nítorí pé ibẹ̀ ni àwọn ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì ń sùn sí, tí wọ́n ti ń jáde lọ ri àwọn ọkọ̀ tí ń kó oúnjẹ àti ohun ìjà bọ̀ wá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí a kò bá dí ihò ejò, a óò máa pa ejò lójú ọ̀nà títí ni. Ní ọjọ́ 23 oṣù kìn-ín-ní 1943, lókè Lorient, ọta àwọn ará Jámánì ba ìrù ọkọ̀ náà jẹ́ gidigidi, níbi tí Quinlan wà. Síbẹ̀ Morgan gbé e délé. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹrin, wọ́n lọ sí Bremen ní ilẹ̀ Jámánì. Ọkọ̀ B-17 115 ni a rán jáde lọ́jọ́ náà. 16 kò padà. Mẹ́fà nínú wọn jẹ́ ti Bassingbourn. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: ọkọ̀ mẹ́fà, ọkùnrin mẹ́wàá nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ibùsùn bí 60 ni ó ṣófo lálẹ́ ọjọ́ náà ní ibùdó kan ṣoṣo.

Àwọn aláṣẹ ogun mọ̀ pé ènìyàn kò lè máa rìn láìrí òpin ọ̀nà. Wọ́n fi òfin lélẹ̀ pé ẹni tí ó bá lọ sójú ogun nígbà 25 tí ó sì padà láàyè, a ó dá a sílẹ̀ kúrò nínú irú iṣẹ́ náà. Lẹ́yìn èyí, ní 1944, wọ́n sọ ọ́ di 30, wọ́n sì tún sọ ọ́ di 35, nígbà tí ewu ti dín kù díẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ 1943, 25 ni, kò sì sí ẹni tí ó rò ó tì í ní ìrọ̀rùn. Olúkúlùkù ń ka tirẹ̀ bí oníṣòwò ti í ka owó tí ó kù kí ó san gbèsè tán.

Ọjọ́ 17 oṣù karùn-ún 1943 ni Morgan àti àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ sí Lorient, tí wọ́n sì padà: 25 pé. Quinlan nìkan ni ó ní ojú ọgbẹ́ láti fi hàn nínú gbogbo wọn, ìyẹn náà kò sì ju bí ìgbà tí ẹ̀gún ha ènìyàn lẹ́sẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ 26 oṣù náà, Ọba George Kẹfà àti Olorì Elizabeth wá kí wọn ní Bassingbourn, wọ́n sì wo ọkọ̀ náà. Ní oṣù kẹfà, a rán wọn padà sí Amẹ́ríkà pẹ̀lú ọkọ̀ wọn láti lọ káàkiri ìlú ńláńlá, kí àwọn òṣìṣẹ́ àti àwọn tí ń ra ìwé owó ogun lè fi ojú rí ohun tí owó àti òógùn wọn ń ṣe. Nígbà tí wọ́n dé Memphis, Margaret Polk wà níbẹ̀, gbogbo ìlú sì ń retí ìgbéyàwó.

Èyí ni apá èrè nínú ìwé wa. Ẹ jẹ́ kí a ṣí ojú ewé kejì.

Èkínní, a máa ń gbọ́ pé Memphis Belle ni ó kọ́kọ́ pé 25. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ B-17 kan tí ń jẹ́ “Hell’s Angels”, láti ibùdó Molesworth, pé 25 ní ọjọ́ 13 oṣù karùn-ún, ọjọ́ mẹ́rin ṣáájú Morgan. Ọkọ̀ kan tí ń jẹ́ “Hot Stuff”, ẹ̀yà B-24, sì ti kọjá 25 ṣáájú àwọn méjèèjì; òun ni a kọ́kọ́ ń rán padà sílé, ó sì forí sọ òkè ní ilẹ̀ Iceland ní ọjọ́ 3 oṣù karùn-ún 1943. Ènìyàn 15 ni ó wà nínú rẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ni ó yè. Ọ̀gágun àgbà Frank Andrews wà lára àwọn tí ó kú. Bákan náà, Memphis Belle fúnra rẹ̀ kò tíì pé 25 lọ́jọ́ tí Morgan pé tirẹ̀, nítorí Morgan àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ti fi ọkọ̀ mìíràn lọ nígbà díẹ̀. Ẹlòmíràn, Clayton Anderson, ni ó wà á lọ sí Kiel ní ọjọ́ 19 oṣù karùn-ún kí iye rẹ̀ tó pé.

Kí ni ó wá dé tí Memphis Belle fi gba orúkọ? Sinimá ni. William Wyler, ògbóǹtarìgì onísinimá láti Hollywood, ti wà ní Bassingbourn láti ìgbà díẹ̀, ó sì ń bá wọn gòkè lọ ya àwòrán lójú ogun gan-an. Orúkọ ọkọ̀ tí ó dùn létí, tí ìfẹ́ ọmọbìnrin kan sì wà nínú rẹ̀, ni ó mú. Ní 1944 ni sinimá náà jáde. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá wò ó, kí ó rántí Harold Tannenbaum, ọ̀kan nínú àwọn ayàwòrán Wyler, tí ó kú nígbà tí a já ọkọ̀ tí ó wà nínú rẹ̀ lulẹ̀ ní ọjọ́ 16 oṣù kẹrin 1943. Òun náà san nínú owó sinimá yẹn.

Èkejì, ẹ jẹ́ kí a ka àwọn tí kò padà. Kò sí ẹgbẹ́ ọkọ̀ bọ́ǹbù ńlá kan nínú Eighth Air Force, èyíinì ni Ẹgbẹ́ Ogun Òfurufú Kẹjọ ti Amẹ́ríkà, tí ó pàdánù ọkọ̀ tó ti 91st: ọkọ̀ 197 ni ó lọ tí kò bọ̀ kí ogun tó parí. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹjọ 1943, oṣù mẹ́ta péré lẹ́yìn tí Morgan parí tirẹ̀, ọkọ̀ 60 ṣègbé lọ́jọ́ kan ṣoṣo ní ìrìn àjò sí Schweinfurt àti Regensburg. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá, 60 mìíràn tún ṣègbé ní Schweinfurt kan náà. Ju ènìyàn 26,000 lọ nínú Eighth Air Force ni ó kú. Àwọn náà ti ṣe lọ́rìí, wọ́n ti po ọ̀dà, wọ́n ti gbẹ́rù ní èbúté. Àwọn náà ní àfẹ́sọ́nà.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ tí ó wúwo lọ́wọ́ wa láti kọ, ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ fò ó. Bọ́ǹbù tí ó kúrò lọ́wọ́ Evans ní ibi tí ó ń bọ́ sí. Ilé tí àwọn ará Jámánì fi kọ́ńkéré nípọn-nípọn kọ́ fún àwọn ọkọ̀ abẹ́ omi ní Lorient àti St. Nazaire dúró; ìlú àwọn ará Faransé tí ó yí i ká ni ó wó lábẹ́ bọ́ǹbù Gẹ̀ẹ́sì àti ti Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹrin 1943, Morgan àti àwọn ènìyàn rẹ̀ wà lára àwọn tí a rán lọ sí Antwerp ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, nínú ọkọ̀ mìíràn. Ilé iṣẹ́ tí a ti ń tún ọkọ̀ òfurufú Jámánì ṣe ni wọ́n wá lọ. Ọ̀pọ̀ nínú bọ́ǹbù náà ṣáko, ó sì bọ́ sí Mortsel, ìlú kékeré tí ó wà lẹ́bàá rẹ̀, nígbà tí àwọn ọmọdé wà ní ilé ìwé. Ènìyàn 936 ni ó kú. 209 nínú wọn kò tíì pé ọmọ ọdún 15. Ọ̀rẹ́ ni àwọn ará Bẹ́ljíọ̀mù jẹ́ sí Amẹ́ríkà, kì í ṣe ọ̀tá. Ọ̀dọ̀ wọn ni wọ́n ti ń retí ìdáǹdè. A kò wí pé ọwọ́ ọkọ̀ báyìí-báyìí ni ó pa wọ́n, nítorí ọkọ̀ púpọ̀ ni ó lọ. Ohun tí a wí ni pé nínú ìwé tí a kọ 25 sí, ó yẹ kí 936 náà wà níbẹ̀.

Ẹ̀kẹrin ni àwọn tí kò gòkè. Ọkọ̀ tí ó bá padà pẹ̀lú ihò lára kì í fúnra rẹ̀ dí i. Joe Giambrone àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń fi òru nínú òtútù pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì, tí wọ́n ń pààrọ̀ apá àti ìrù, kí ilẹ̀ tó mọ́. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àjèjé ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí.

Ọ̀rọ̀ kan sì wà níhìn-ín tí ó kan àwa ènìyàn dúdú. Ní àkókò ogun náà, Amẹ́ríkà kò fi ènìyàn dúdú sínú àwọn ọkọ̀ bọ́ǹbù tí ń ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jáde lọ jà. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ogun dúdú ti Amẹ́ríkà wà lára àwọn tí ó fi ṣọ́bìrì àti katakata la àwọn pápá tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ń gbéra, gẹ́gẹ́ bí ti Eye àti Debach ní Suffolk. Láti 1944, àwọn atukọ̀ dúdú tí a kọ́ ní Tuskegee, tí ìrù ọkọ̀ wọn pupa fòò, ń ti Ítálì sìn àwọn ọkọ̀ bọ́ǹbù àwọn funfun lọ síbi iṣẹ́, wọ́n sì ń gbà wọ́n lọ́wọ́ ọ̀tá. Ní ti Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ Nàìjíríà kan, Akin Shenbanjo, jẹ́ olùtọ́jú wáyálẹ́ẹ̀sì nínú ọkọ̀ bọ́ǹbù Halifax ti 76 Squadron, àwọn òyìnbó ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì tìtorí rẹ̀ sọ ọkọ̀ wọn ní “Achtung! The Black Prince”, èyíinì ni, Ẹ ṣọ́ra, Ọmọ Ọba Dúdú ń bọ̀. Ó gba àmì ẹ̀yẹ ológun. Níbi tí ikú ti ń dọdẹ gbogbo ènìyàn, wọn kò bèèrè àwọ̀ ẹni tí yóò gbọ́ ìró wáyálẹ́ẹ̀sì.

Báwo ni ó ti parí? Ìgbéyàwó tí ìlú ń retí kò ṣẹ. Ìrìn àjò àti òkìkí ti wọ àárín Morgan àti Margaret, wọ́n sì tú ìfẹ́ náà ká. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin ti dá Morgan sílẹ̀, ó tún padà sógun, Evans sì bá a lọ. Òun ni ó ṣíwájú àwọn ọkọ̀ B-29 tí ó kọ́kọ́ lọ ju bọ́ǹbù sí Tokyo ní ọjọ́ 24 oṣù kọkànlá 1944. Ó kú ní 2004. Ọkọ̀ ọjọ́sí ńkọ́? Nígbà tí ogun tán, a tò ó mọ́ àwọn tí a fẹ́ fọ́ bí ìdàrọ́. Ìlú Memphis ni ó fi dọ́là 350 rà á ní 1946. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ó fi dúró sí gbangba, tí òjò ń pa á, tí oòrùn ń pa á, tí àwọn olè sì ń tú nǹkan inú rẹ̀ lọ. Ní 2005 ni a gbé e lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn ọmọ ogun òfurufú ní Dayton, ìpínlẹ̀ Ohio. Ọ̀pọ̀ ọdún ni a fi tún un ṣe, a sì ṣí i fún aráyé láti wò ní ọjọ́ 17 oṣù karùn-ún 2018, ọdún 75 géérégé lẹ́yìn ìrìn àjò Lorient.

Ẹ̀yin ènìyàn wa, a kò kọ èyí láti bu ọlá àwọn mẹ́wàá náà kù. Ẹni tí ó jókòó jẹ́ẹ́ lábẹ́ òkò nígbà 25, akọni ni, ẹnikẹ́ni kò lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Hitler tí wọ́n lọ bá jà kì bá tí gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ wọn dàbí orí ìwé ìṣirò: òun ni ojú kọ́kọ́ ń rí, kì í sì í ṣe òun ni gbogbo ohun tí ó wà nínú ìwé. Ẹni tí ó bá dé Dayton, tí ó sì rí ọkọ̀ náà tí ó ń dán gbinrin, kí ó yìn wọ́n. Lẹ́yìn náà kí ó dákẹ́ díẹ̀, kí ó ka Bremen, kí ó ka Schweinfurt, kí ó ka àwọn ọmọ ilé ìwé Mortsel, kí ó tó fa ìlà sí ìsàlẹ̀ ìṣirò rẹ̀.

Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí ayé tún rí irú rẹ̀ mọ́. Ó dìgbà kan ná.